Ta Ni Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún?

Ẹni tí ó bá gba Makun ní Ṣágámù kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún yóò rí ohun kan tí kò ṣàjèjì mọ́. Àwọn ọmọdé á ti bọ́ aṣọ ọdún sílẹ̀, wọn á mú ìborùn ìyá wọn, wọn á so ó mọ́ ọrùn kí ó lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn, wọn á sì máa fò láti orí ògiri kúkúrú bọ́ sórí iyanrìn. Ọ̀kan nínú wọn á na ọwọ́ síwájú, á ká ìka méjì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tí ń ta okùn aláǹtakùn. Bí àgbàlagbà bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe, wọn á dáhùn pé àwọn ni akọni inú fíìmù.

Ọ̀nà méjì ni àwọn àgbàlagbà máa ń pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan á kígbe pé ìbàjẹ́ ti wọlé, pé kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Àwọn kejì á rẹ́rìn-ín, wọn á ní eré ọmọdé ni, kò kan ẹ̀sìn, kò sì kan ìwà. Àṣìṣe wà nínú ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé kò sí èyí tí ó béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: kí gan-an ni ọmọ náà rí nínú fíìmù tí ó fi pàtẹ́wọ́?

Àtẹ́wọ́ kì í purọ́. Ènìyàn lè fi ẹnu sọ pé Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni òun fẹ́ràn jù lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn rẹ̀ bá ti fò sókè láìrò tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ènìyàn wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní akọni, kí ó má ṣe wo ojú fíìmù nìkan. Kí ó yí ojú padà, kí ó wo àwọn òǹwòran.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Sony gbé fíìmù katúùnù kan jáde ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Spider-Man: Into the Spider-Verse. Akọni inú rẹ̀ ni ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan, Miles Morales, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Brooklyn ní ìlú New York. Ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Aláǹtakùn kan bù ú jẹ, ó sì di ẹni tí ń gun ògiri, tí ń ta okùn, tí ń fò láti orí ilé gogoro kan sí òmíràn. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, CinemaScore, tí ó máa ń fún àwọn òǹwòran ní káàdì ní alẹ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n lè fi máàkì sí fíìmù tí wọ́n wò. A+ ni wọ́n fún èyí, máàkì tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀. Ní ọdún 2019, ó gba ẹ̀bùn Oscar gẹ́gẹ́ bí fíìmù katúùnù tí ó dára jù. Nígbà tí apá kejì, Spider-Man: Across the Spider-Verse, jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó tí ó mú wọlé káàkiri ayé ju 680 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ìtàn náà sì já lójijì ní ìparí, ó di ìgbà mìíràn. Ariwo ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi dá a lóhùn, bí ẹni tí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wo ayọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ọjọ́ pẹ́ tí ó jẹ́ pé ipò ẹrú, olè tàbí apanilẹ́rìn-ín ni fíìmù òyìnbó ń fi adúláwọ̀ sí. Nígbà tí Black Panther, tí kì í ṣe katúùnù, dé àwọn sinimá Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2018, aṣọ ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọ̀ lọ wò ó, bí ẹni tí ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ebi ni ó ń pa wọ́n: ebi láti rí ẹni tí ó jọ wọ́n láàárín àwọn tí ayé ń yìn. Ebi náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń pa á ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Nínú fíìmù Miles àkọ́kọ́, ibi tí ariwo ayọ̀ ti máa ń pọ̀ jù ni ibi tí ọmọ náà ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí ilé gogoro, tí ó sì rí i pé òun lè fò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Makun ń fara wé lórí ògiri. Ṣùgbọ́n kí ìtàn tó dé ibẹ̀, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò ní àtẹ́wọ́. Bàbá Miles ní arákùnrin kan tí ń jẹ́ Aaron. Ọkùnrin yìí mọ aṣọ wọ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kì í sì í bá ọmọ wí. Bàbá ń tẹnu mọ́ òfin àti ìwé kíkà. Aaron ń fún ọmọ láyè. Nítorí náà ọ̀dọ̀ Aaron ni ọkàn ọmọ fà sí. Ìgbà tí ó yá ni àṣírí tú pé Aaron yìí gan-an ni apààyàn tí ń da ìbòjú bojú, tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá àwọn ọ̀daràn ìlú. Wọ́n rán an láti pa akọni kékeré náà. Ó ká a mọ́, ọmọ ṣí ìbòjú, ó rí i pé ọmọ arákùnrin òun ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọ̀gá tí ó rán an níṣẹ́ sì yìnbọn pa á.

Lẹ́yìn èyí, bàbá lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti fi okùn aláǹtakùn de ọmọ náà mọ́ àga, wọ́n sì ti dí i lẹ́nu, kò lè fọhùn. Bàbá kò mọ̀. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un, ó sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní kò pọn dandan kí ó dáhùn. Kò sí àtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ilé sinimá a pa rọ́rọ́, àwọn mìíràn a sì máa nu ojú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni agbára tó jí nínú ọmọ náà, tí ó já okùn, tí ó lọ fò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé aláǹtakùn fún ọmọ náà ní agbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ó sọ ọ́ di akọni.

Òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún fífò, ó sì gbàgbé Aaron. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ewu náà kò sì jìnnà sí Makun. Ní ọdún 2023, ìjà àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣágámù. Ọ̀dọ́ pa ọ̀dọ́, àwọn òbí sì ń ka ọmọ wọn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn tí wọ́n mú àdá àti ìbọn yẹn kò jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ọmọ ilé kan ni wọ́n, a ti sọ wọ́n lórúkọ, a ti ṣe àdúà fún wọn. Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan á wà tí àwọn ènìyàn ń yà fún lọ́nà, tí owó kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í bá ọmọdé wí. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi tirẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá máa rán an níṣẹ́ àkọ́kọ́, ó ti pàtẹ́wọ́ fún ẹni náà nínú ọkàn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò kọ́ ọmọ láti dá Aaron mọ̀ nínú fíìmù, báwo ni ọmọ náà yóò ṣe dá a mọ̀ ní òpópónà?

Ìtàn Makun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Makun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́tàlá tí wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá sinmi, kí wọ́n lè jùmọ̀ dáàbò bo ara wọn. Kì í ṣe akọni kan tí ń fò ni ó kó wọn yọ. Àdéhùn ni, àti pé ìlú kọ̀ọ̀kan gbà láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nítorí gbogbo wọn. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti yà ní àwòrán, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ọmọ Makun ń jẹ èso rẹ̀ títí di òní.

Àwọn kan á ní kí a kúkú ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwòrán. Ilẹ̀kùn náà ti ṣí tipẹ́tipẹ́. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí kan náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba rẹ̀ ni ó sì dá iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ní ọdún 1979, Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé fíìmù Aiye jáde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tí ń fi agbára àràmàǹdà bá àwọn àjẹ́ jà, àwọn ènìyàn sì ya lọ wò ó bí omi. Akọni alágbára inú àwòrán ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí òbí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ òde òní tó dé ayé. Lónìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bàbá tí ó pa tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ kò mọ ohun tí ọmọ ń wò lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ìdájọ́ ẹni tí kò tí ì wo nǹkan sì léwu. Ní ọdún 1976, Moustapha Akkad gbé fíìmù The Message jáde lórí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Islam. Àhesọ tàn kálẹ̀ pé òṣèré Anthony Quinn ni ó ṣe Ànọ́bì Muhammad, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hamza, arákùnrin bàbá Ànọ́bì, ni Quinn ṣe; fíìmù náà kò fi Ànọ́bì hàn rárá, kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 1977, àwọn ọkùnrin tí ó dìhámọ́ra gba ilé mẹ́ta ní Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú nǹkan bí 150 ènìyàn ní ìgbèkùn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n dá fíìmù náà dúró. Akọ̀ròyìn kan kú níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò lórí àwòrán tí kò sí nínú fíìmù.

Nínú The Message, òṣèré tí ó ṣe Bilal ni Johnny Sekka, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a bí ní Dakar. Ìtàn Bilal yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Barajoun ní Dubai wá sọ di fíìmù katúùnù, Bilal: A New Breed of Hero. Àwọn sinimá ilẹ̀ Lárúbáwá gbé e jáde ní ọdún 2016. Ẹni tí ó fún Bilal ní ohùn àgbàlagbà ni Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n bí i sí Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni fíìmù náà wọ sinimá Amẹ́ríkà, oṣù kan náà tí Black Panther jáde. Gbogbo ayé ya lọ wo ti ìlú tí kò sí rí àti ọba tí kò jẹ rí. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó wo ti ọmọ Áfíríkà tí ó gbé ayé, tí wọ́n dá lóró lóòótọ́, tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu Mùsùlùmí títí di òní.

Kì í ṣe òǹwòran nìkan ni ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn wọn. Àwọn tí ó ṣe fíìmù Bilal náà mọ ohun tí sinimá ń pàtẹ́wọ́ fún. Wọ́n fi idà lé e lọ́wọ́, wọ́n fi í sí ojú ogun, wọ́n sọ ọ́ di jagunjagun kí ó lè jọ àwọn akọni yòókù. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn fi mọ Bilal? Ẹrú ni, ọmọ ilẹ̀ Habaṣa, ní ọwọ́ Umayya ọmọ Khalaf ní Mẹ́kà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn gbígbóná ní ọ̀sán gangan, wọ́n gbé òkúta ńlá lé e láyà, wọ́n ní kí ó kọ Ọlọ́hun rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè fò. Kò ní okùn tí yóò ta. Kò sí idà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni ẹnu rẹ̀, ó sì fi ń sọ pé Ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun. Abu Bakr ni ó rà á, tí ó sì dá a sílẹ̀. Ohùn tí Umayya fẹ́ fi òkúta pa mọ́ yẹn ni ó di ohùn ládánì àkọ́kọ́. Ní ọdún 630, nígbà tí Mẹ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, orí Kaaba ni ẹrú àná dúró sí tí ó fi pe ìrun, tí àwọn ọlọ́lá ìlú tí wọ́n ń wò ó ní ìwòkuwò tẹ́lẹ̀ sì ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀.

Èyí ni òṣùwọ̀n tí Islam mú wá. Ànọ́bì Muhammad, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, kọ́ àwọn sàábé rẹ̀ pé ẹni tí ń da ènìyàn délẹ̀ kọ́ ni alágbára, bí kò ṣe ẹni tí ó lè kápá ara rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ọmọ Makun tí ó bá gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀dọ́ tí wọ́n bú ní gáréèjì tí kò fa ọ̀bẹ yọ lágbára ju ẹni tí ó fà á yọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi igbe sọ èyí di òótọ́ lọ́kàn ọmọ. Àfi kí ó jókòó tì í.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti sinimá Èkó dé, tàbí tí ó bá wo fíìmù lórí fóònù tán, kí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ ilé-kéwú bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó lágbára jù níbẹ̀, ta sì ni ó dára jù? Ǹjẹ́ ẹnì kan náà ni? Kí ni akọni náà fi sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn? Bí wọ́n bá gba agbára fífò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò kù nínú rẹ̀ tí ó yẹ láti yìn? Ọmọ tí ó bá dáhùn ìbéèrè kẹta yìí nípa Miles yóò rí i pé ohun tí ó kù ni ọmọ tí ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn kú. Bí ó bá dáhùn rẹ̀ nípa Bilal, yóò rí i pé kò sí ohun kan tí ó dín. Bilal kò ní agbára fífò tí a lè gbà, odidi ni ó wà. Bí fíìmù kan bá sì wà tí kò sí ohun tí ó kù nínú akọni rẹ̀ lẹ́yìn agbára, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òfìfo ni. Kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó pa á.

Apá kejì iṣẹ́ náà jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, àwọn Mùsùlùmí Pakistan wo fíìmù katúùnù 3 Bahadur, tí Sharmeen Obaid-Chinoy darí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wọn, lórí ọmọdé mẹ́ta tí wọ́n dìde láti gba àdúgbò wọn lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Àwọn ọmọ ibẹ̀ rí àdúgbò tí ó jọ tiwọn, wọ́n sì gbọ́ èdè wọn. Ní Nàìjíríà, Lady Buckit and the Motley Mopsters wọ sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní ọdún 2024, Iwájú, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó, jáde láti ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Uganda tí ń jẹ́ Kugali pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Disney. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó mọ àwòrán yà, tí ó sì mọ kọ̀ǹpútà lò, kí ó má ṣe rò pé òun kò ní ipò nínú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Kí ó ya ìtàn àwọn tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ nígbà tí òótọ́ ná wọn ní nǹkan. Kí ó sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí kò tọ́ láti yà. Bí ó bá ṣe é ní èdè Yorùbá, yóò dára jù, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ èdè Lárúbáwá yóò lóye rẹ̀ láìsí ògbufọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún ní Makun, oòrùn á wọ̀, àwọn ọmọ á ṣì máa fò láti orí ògiri. Ládánì á gbé ohùn sókè pé àkókò ìrun Màgàríbà ti tó. Ohùn tí ó ti àyà abẹ́ òkúta jáde ní Mẹ́kà ni ó ń lọ lórí òrùlé Makun yẹn. Ọmọ kan á tú ìborùn ìyá rẹ̀ lọ́rùn, á sáré lọ ṣe àlùwàlá. Kí bàbá rẹ̀ má ṣe bá a wí pé ó fò. Kí ó rọra bi í bí wọ́n ti ń lọ sí mọ́sálásí pé, "Ọmọ mi, ǹjẹ́ o mọ akọni tí ó kọ́kọ́ pe ìrun yìí?"

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí yóò pa wọ́n run, kí Ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ sẹ́nu àwọn òbí nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣì wà tí wọ́n lè dúró sẹ́yìn rẹ̀. Àmín.